Sípíríǹgì Kọ́ Ló Ń Di Páìpù Mú

Ó tó ọ̀sẹ̀ márùn-ún báyìí tí gbólóhùn kan ti há sí mi lọ́kàn bí egungun ẹja tó há èèyàn lọ́fun: "Sípíríǹgì rẹ̀ ló ti rọ̀." Ẹ gbé réǹṣì onísípíríǹgì tí kì í di páìpù mú mọ́ lọ bá ẹni tó ń tún irinṣẹ́ ṣe ní Ògbómọ̀ṣọ́, ì báà jẹ́ ní Táàkì, ì báà jẹ́ ní Ọjà Ìgbó, kí ẹ wo ohun tí yóò kọ́kọ́ ṣe. Á fi àtàǹpàkò ti ẹnu rẹ̀ sẹ́yìn, á jẹ́ kó ta padà, á mi orí, á sì sọ ọ́. Wọ́n á tú inú garawa irin àlòkù, wọ́n á mú sípíríǹgì tó le ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, wọ́n á kì í bọ̀ ọ́, ẹnu réǹṣì á wá máa sán pàá bí tàkúté eku. Inú oníǹkan á dùn. Lọ́jọ́ kẹta, ó tún ti ń yọ̀ lórí páìpù.

Ohun tí kò yé mi níbẹ̀ kò ju ẹyọ kan lọ. Bó bá jẹ́ sípíríǹgì ló ń di páìpù mú, ó yẹ kí èyí tó le ní ìlọ́po méjì dì í mú ní ìlọ́po méjì. Kì í rí bẹ́ẹ̀. Nígbà mìíràn gan-an, ṣe ni yíyọ̀ rẹ̀ á tún burú sí i.

Irú réǹṣì tí mò ń sọ ni èyí tí ẹ̀gbẹ́ kan ẹnu rẹ̀ dúró gbọn-in mọ́ èèkù, tí ẹ̀gbẹ́ kejì ń yí lórí píìnì, tí sípíríǹgì sì ń ti èyí tó ń yí mọ́ páìpù, kí ọwọ́ kan ṣoṣo lè fi ṣiṣẹ́. Èyí tó dúró, ẹ jẹ́ ká pè é ní ìkọ́. Èyí tó ń yí, ahọ́n.

Kẹ́ẹ̀gì rọ̀, sípíríǹgì wà lórí tábìlì

Ohun tó tú ọ̀rọ̀ náà palẹ̀ kò gbà ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ, ẹnikẹ́ni tó bá ní fáìsì, ẹ̀rọ ẹnu méjì orí tábìlì tí wọ́n fi ń di irin mú, lè ṣe é. Ẹ de páìpù onírin tírí-kọ́tà (ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ínǹṣì) mọ́ fáìsì, kí orí rẹ̀ yọ síta ní nǹkan bí 100 mm, kí ẹ sì fi aṣọ gbígbẹ nù ún. Ẹ yọ sípíríǹgì kúrò lára réǹṣì pátápátá, ẹ gbé e sórí tábìlì níbi tí ojú á ti máa rí i. Ẹ wá gbé réǹṣì kọ́ páìpù kí èèkù rẹ̀ nà gbọọrọ síwájú, ẹ fi ìka kan ti ahọ́n títí eyín rẹ̀ á fi kan irin. Ẹ má fi agbára tì í, kó ṣáà ti kàn án. Ẹ fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà kan láti ara páìpù bọ́ sára ìkọ́.

Ẹ bu omi kún kẹ́ẹ̀gì lítà 25, ẹ fi okùn so ó mọ́ èèkù ní ibi tó jìn sí àárín páìpù ní 240 mm, kí ìdí kẹ́ẹ̀gì má ga nílẹ̀ ju ìbú ìka mẹ́ta lọ, nítorí ẹsẹ̀ èèyàn kò ní sípéà páàtì lọ́jà. Ẹ rọra dẹ kẹ́ẹ̀gì sílẹ̀ kó máa fa èèkù. Èèkù á tẹ̀ wálẹ̀ díẹ̀, ẹ ó gbọ́ ìró kékeré kan, kẹ́rẹ́, bí eyín ṣe ń wọ ara irin. Lẹ́yìn náà kò ní sí ìró mọ́. Ẹ wá mú ìka yín kúrò.

Kẹ́ẹ̀gì rọ̀ síbẹ̀. Ìlà ṣọ́ọ̀kì kò yẹ̀. Omi ń mì díẹ̀díẹ̀ nínú kẹ́ẹ̀gì, kílò márùndínlọ́gbọ̀n ń fa èèkù, sípíríǹgì sì wà lórí tábìlì, kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀.

Ẹ wá ṣe òdìkejì. Ẹ dá sípíríǹgì padà, kódà ẹ fi èyí tó le jù lọ tí ẹ bá rí. Ẹ gbé réǹṣì kan náà sórí páìpù ínǹṣì kan, tó tóbi ju èyí tí wọ́n ṣe é fún lọ, tí ahọ́n fi ní láti ṣẹ́rí sẹ́yìn kí páìpù tó wọlé. Ẹ so kẹ́ẹ̀gì. Á rọra máa yọ̀, tàbí kó já wálẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, sípíríǹgì líle yẹn á sì máa wò ó níran.

Piọ́ wọ́tà kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ tọ́ọ̀nù kan

Ìṣirò rẹ̀ kò le. Kílò 25 tó rọ̀ ní 240 mm ń yí páìpù pẹ̀lú agbára tó sún mọ́ 60 Newton-mítà (Newton ni wọ́n fi ń wọn agbára, Newton-mítà ni wọ́n fi ń wọn agbára tó ń yí nǹkan). Páìpù tírí-kọ́tà fẹ̀ ní 26.9 mm lóde, nítorí náà ibi tí eyín ti kàn án kò jìn sí àárín rẹ̀ ju 13.45 mm lọ. Ọwọ́ ní 240 mm láti fi fà, eyín ní 13 mm láti fi dúró. Kì í sì í ṣe gbogbo agbára tí eyín fi ń tẹ páìpù ló ń yí i: bí igun tí màá sọ nípa rẹ̀ láìpẹ́ bá jẹ́ digíríì 12, nǹkan bí ìdá kan nínú márùn-ún ló ń yí i, ìyókù ń fún un lọ́rùn ni. Bí a bá pín ẹrù náà sí ìkọ́ àti ahọ́n, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ní láti fi nǹkan bí 10,700 Newton tẹ páìpù. Ìwúwo ohun tó lé ní tọ́ọ̀nù kan nìyẹn.

Sípíríǹgì tó dára fún iṣẹ́ yìí ń ti ahọ́n mọ́ páìpù pẹ̀lú Newton 2 sí 6. Piọ́ wọ́tà ẹyọ kan wúwo tó Newton 5. Ẹ gbé piọ́ wọ́tà kan sí ẹ̀gbẹ́ tọ́ọ̀nù kan, kí ẹ wá sọ ìyàtọ̀ tó máa wà bí piọ́ wọ́tà bá di méjì.

Ibi tí a bá pè lórí, a kì í fi tẹlẹ̀. Iṣẹ́ sípíríǹgì ni láti mú eyín dé ara páìpù, kó má sì jẹ́ kó kúrò níbẹ̀ nígbà tí ọwọ́ bá ń padà sẹ́yìn láti tún fà. Bí ìfà bá ti bẹ̀rẹ̀, páìpù fúnra rẹ̀ ló ń wọ́ ahọ́n wọlé. Bí ẹ bá ṣe ń fà á tó ló ṣe ń dì mọ́ ọn tó. Sípíríǹgì tó le jù kò fi nǹkan kan kún ìyẹn. Ohun tó ń ṣe ni pé nígbà tí ọwọ́ bá ń padà, ó ń tẹ eyín mọ́ páìpù bí ìgbà tí èèyàn ń fi fáìlì ha irin, eyín á sì máa kú díẹ̀díẹ̀. Ìdí tó fi ń burú sí i lọ́jọ́ kẹta nìyẹn.

Àwọn tó ṣe irinṣẹ́ yìí níbẹ̀rẹ̀ mọ èyí dáadáa. Páìpù réǹṣì tí Daniel Stillson gba ìwé àṣẹ fún ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1869 ní sípíríǹgì lára, àmọ́ kí ẹnu rẹ̀ lè máa mì kó sì máa padà sí àyè rẹ̀ ni wọ́n ṣe fi í síbẹ̀. Fáìsì gíríìpù tún wá dùn mọ́ mi jù. Alágbẹ̀dẹ ni William Petersen tó ṣe é, ọmọ Dẹ́nímáàkì tó ń rọ irin ní ìlú kékeré kan ní Nebraska. Ó gba ìwé àṣẹ àkọ́kọ́ ní 1921, ó fi ohun tó ń tì í pa kún un ní 1924. Ẹ tú fáìsì gíríìpù wò: irinṣẹ́ ọwọ́ tí gbogbo mẹkáníìkì mọ̀ pé ó ń di nǹkan mú bí ẹ̀mú alágbẹ̀dẹ, sípíríǹgì inú rẹ̀, ẹnu rẹ̀ ló ń ṣí.

Ọ̀pá ìtilẹ̀kùn

Bí kì í bá ṣe sípíríǹgì, kí ni? Ẹ rántí ọ̀pá tí àwọn àgbà fi ń ti ilẹ̀kùn lóru. Bí ìdí rẹ̀ bá sún mọ́ ilẹ̀kùn, tí ọ̀pá dúró ṣánṣán, bí olè bá ṣe ń ti ilẹ̀kùn tó ni ìdí ọ̀pá ń gún ilẹ̀ tó. Bí ìdí rẹ̀ bá jìnnà, tó dà gbalaja, ìtì kan péré, á yọ̀. Ọ̀pá kan náà ni, ilẹ̀ kan náà ni. Bó ṣe dà ló yàtọ̀.

Ahọ́n réǹṣì ni ọ̀pá yẹn, píìnì ni ilẹ̀kùn, ara páìpù ni ilẹ̀. Ẹ fa ìlà kan láti àárín píìnì dé ibi tí eyín ti kan páìpù, kí ẹ tún fa òmíràn láti ibẹ̀ lọ sí àárín páìpù. Bí ìlà kejì ṣe yà kúrò lójú ọ̀nà ìlà àkọ́kọ́ ni igun tó ń pinnu gbogbo rẹ̀. Irin tó ń dán lórí irin tó ń dán, tí méjèèjì gbẹ, kì í lè gbà ju digíríì 8 lọ kó tó yọ̀. Bí ọ́ìlì bá kàn án, kò ní tó 6. Eyín tó mú, tó lè wọ ara páìpù, lè gbà tó 16.

Ẹnìkan lè wá sọ pé kí a kúkú ṣe é ní digíríì 5, kó má yọ̀ láéláé. Kò ní yọ̀ lóòótọ́. Àmọ́ ní digíríì 5, kí èèyàn tó lè rí 60 Newton-mítà kan náà, eyín ní láti fi ohun tó lé ní 25,000 Newton tẹ páìpù. Páìpù tí ara rẹ̀ fẹ́lẹ́ á pẹlẹbẹ, ahọ́n á sì há débi pé òòlù ni wọn yóò fi gbá a kúrò. Digíríì 12 ni mo fara mọ́: ó jìnnà sí yíyọ̀ nígbà tí eyín bá mú, ọwọ́ lásán sì lè tú u.

Ẹni tí kò ní ohun ìwọn igun lè fa ìlà 100 mm sórí páálí, kó fa 21 mm dúró ṣánṣán ní òpin rẹ̀, kó so orí méjèèjì pọ̀. Digíríì 12 nìyẹn. Kó gé e kúrò, kó sì máa fi wọn réǹṣì tí wọ́n bá gbé wá. Lára réǹṣì tó ń yọ̀, ẹ ó fẹ́rẹ̀ẹ́ máa rí i pé igun rẹ̀ ti kọjá ti páálí. Ihò píìnì lè ti jẹ, kí ahọ́n máa ṣẹ́rí sẹ́yìn ju bó ṣe yẹ lọ. Ìkọ́ lè ti là. Tàbí kó jẹ́ pé páìpù ló tóbi ju ẹnu rẹ̀ lọ.

Karawun ìgbín

Èyí tó kẹ́yìn yẹn, kì í ṣe gbígbó ló fà á. Bí wọ́n ṣe gé ahọ́n láti ilẹ̀ ni. Púpọ̀ nínú ahọ́n tí àwọn wẹ́dà ń gé jẹ́ róbótó, tí wọ́n kàn lu ihò píìnì rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Irú róbótó bẹ́ẹ̀, igun rẹ̀ ń yí padà bí páìpù ṣe ń tóbi tó ń kéré. Ó lè jẹ́ digíríì 12 lórí páìpù kan, kó di 18 lórí èkejì.

Ohun tó ń mú igun dúró lójú kan ni kí ojú ahọ́n máa fẹ̀ bí karawun ìgbín ṣe ń fẹ̀: bó ṣe ń yí lọ, kó máa fi ìdá kan náà lé lórí ara rẹ̀. Fún digíríì 12, gbogbo ìgbà tí a bá yí digíríì 10, a ó fi 1.038 sọ gígùn rẹ̀ di púpọ̀. Ẹ lu ihò kékeré sáàárín páálí, òun ni píìnì. Ẹ fa ìlà méje jáde láti ibẹ̀, kí digíríì 10 wà láàárín ìlà kan àti èkejì. Lórí ìlà àkọ́kọ́, ẹ wọn 30 mm, kí ẹ fi àmì sí i. Lórí èyí tó tẹ̀ lé e, 31.1. Lẹ́yìn náà 32.3, 33.5, 34.8, 36.1, 37.5. Ẹ fi ọwọ́ rọra so àmì méjèèje pọ̀, kó má ṣe ní kókó. Ojú ahọ́n yín nìyẹn. Ẹ rí i dájú pé nígbà tí páìpù bá ń wọ́ ọn lọ, apá tó gùn ló ń yí bọ̀ wá bá páìpù. Bí ẹ bá gbé e sódì, kò sí sípíríǹgì tó lè gbà á là.

Àwọn tó ń fi okùn gun àpáta mọ ìlà yìí. Ohun tí Ray Jardine, ará Amẹ́ríkà, gbé sọ́jà ní 1978, tí wọ́n ń kì bọ inú lílà àpáta kó lè gbé èèyàn dúró, ahọ́n onísípíríǹgì tó ní igun tí kì í yí padà ni. Bẹ́ẹ̀, sípíríǹgì inú rẹ̀, ìka lásán ló ń fún un pa.

Bí ojú ìkọ́ bá jìn sí àárín píìnì ní 57.5 mm, ahọ́n yìí á mú páìpù háàfù ínǹṣì, tó fẹ̀ ní 21.3 mm, á sì mú tírí-kọ́tà. Páìpù ínǹṣì kan fẹ̀ ní 33.7 mm, kò ní wọlé. Fún ìyẹn, ẹ lu ihò píìnì kejì, kó fi 7 mm jìnnà sí ìkọ́ ju ti àkọ́kọ́ lọ, kí ẹni tó ń lò ó máa fa píìnì bọ inú èyí tó bá fẹ́. Nínú gbogbo àtúnṣe tó wà nínú àròkọ yìí, ihò kejì yẹn ni owó rẹ̀ kéré jù, òun náà sì ni àwọn èèyàn kì í ronú kàn.

Sípíríǹgì náà, níwọ̀n ìgbà tó jẹ́ pé ó ní iṣẹ́ tirẹ̀

Mo fẹ́ràn sípíríǹgì tó ń fà ju èyí tó ń tì lọ fún ìlú tiwa. Èyí tó ń tì gbọ́dọ̀ wà nínú ihò, inú ihò yẹn ni eruku pupa ìgbà ọyẹ́ àti gírísì ti ń pò pọ̀ di amọ̀. Lóòótọ́, bí èyí tó ń tì bá ṣẹ́ pàápàá, ó ṣì lè máa tì díẹ̀, èyí tó ń fà kò ní irú àǹfààní bẹ́ẹ̀. Àmọ́ èyí tó ń fà wà níta, ojú ń rí i bó bá já, èèyàn sì lè fi ọwọ́ lásán pààrọ̀ rẹ̀ lórí kànga ẹ̀rọ tí wọ́n ti fa páìpù rẹ̀ dé ìdajì, tí kò sí ẹni tó lè sáré lọ sí ọjà.

Ẹ fi ìrù kékeré sẹ́yìn ahọ́n, 12 mm sí àárín píìnì, kí sípíríǹgì so ìrù yẹn mọ́ èèkù. Wáyà sípíríǹgì tó nípọn ní 0.8 mm, tí wọ́n lọ́ ní ìgbà 20, tí fífẹ̀ rẹ̀ láti àárín wáyà sí àárín wáyà jẹ́ 6 mm, á máa fi nǹkan bí Newton kan lé lórí agbára rẹ̀ fún mílímítà kọ̀ọ̀kan tó bá nà. Ẹ jẹ́ kó ti nà ní 5 mm kó tó di pé a gbé páìpù sí i. Bí ahọ́n bá yí digíríì 60 sẹ́yìn, á tún nà ní nǹkan bí 12.6 mm. Ohun tó máa dé ibi eyín kò ní ju Newton 2 sí 6 tí mo sọ lọ.

Ibi méjì ni wọ́n ti sábà ń ṣìṣe. Àkọ́kọ́, wáyà tó nípọn díẹ̀ sí i kì í ṣe díẹ̀ sí i. Láti 0.8 mm sí 1 mm, líle sípíríǹgì á fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po méjì ààbọ̀. Ìkejì ni ti àwọn tó ń gé sípíríǹgì kúrú kó lè rọ̀. Ìdàkejì ni wọ́n ń ṣe: bí ẹ bá gé e sí ìdajì, mílímítà kọ̀ọ̀kan á le ní ìlọ́po méjì. Ẹ fẹ́ kó rọ̀, ẹ fi ìlọ́ kún un.

Orí sípíríǹgì tó ṣẹ́rí bí ìwọ̀, tí a fi ń kọ́ ọ, ló ń já, kì í ṣe àárín. Níbi tí wáyà ti ṣẹ́rí láti di ìwọ̀, ẹ má fi páláyà tẹ̀ ẹ́ kó mú bí ẹnu abẹ́rẹ́. Ẹ lọ́ ọ mọ́ ìṣó tó nípọn ní 3 mm kó lè tẹ̀ ní róbótó. Bí ẹ bá sì fẹ́ jó nǹkan mọ́ èèkù, ẹ yọ sípíríǹgì kúrò kí ẹ tó tan iná. Ooru tó bá mú un di pupa ti sọ ọ́ di wáyà ìdìgi.

Irin, eérú àti píìnì

Ojú kan ni alágbẹ̀dẹ ń lù kí ó tó rí ohun tó ń wá, ojú kan tó yẹ kí a lù níbi yìí ni ahọ́n. Ẹ gé e lára sípíríǹgì abẹ́ lọ́rì tó nípọn ní 10 mm, irin tí àwọn alágbẹ̀dẹ Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́ fi ń rọ àdá. Bó ṣe wà yẹn, ó le débi pé agbára káká ni fáìlì fi ń jẹ ẹ́. Ẹ tì í bọ iná títí yóò fi pọ́n dẹ̀dẹ̀, tí òkúta mágínẹ́ẹ̀tì kì í lè fà á mọ́, kí ẹ wá bò ó mọ́ inú eérú gbígbẹ di ọjọ́ kejì. Bó bá tutù díẹ̀díẹ̀ bẹ́ẹ̀, á rọ̀ fún fáìlì àti dírílì.

Ẹ lu ihò píìnì nísinsìnyí, kó jẹ́ 10.2 mm, torí lẹ́yìn tó bá ti le, dírílì kò ní wọ̀ ọ́. Ẹ fi fáìlì onígun mẹ́ta gé eyín: 1.5 mm láti orí eyín kan sí èkejì, kó jìn ní nǹkan bí 1 mm, kí orí rẹ̀ da díẹ̀ sí ibi tí ìfà ń lọ. Eyín tó tóbi jù bẹ́ẹ̀ lọ ń dára lójú ni. Díẹ̀ nínú wọn ló ń kan páìpù kékeré, àwọn díẹ̀ yẹn ló sì ń kú.

Ẹ tún mú un pọ́n, kí ẹ rì í sínú òróró. Ẹ má rì í sínú omi: irin yìí ń là nínú omi, ìgbà mìíràn ẹ ò ní rí lílà náà títí di ọjọ́ tí eyín á fi bọ́. Bó bá ti le, ó rí bí àwo, bó bá bọ́ lulẹ̀ ó lè fọ́. Ẹ fi òkúta ha ojú rẹ̀ kan kó dán, kí ẹ rọra gbé ẹ̀yìn rẹ̀ sórí irin gbígbóná, kí ẹ máa wo àwọ̀ tó ń rìn bọ̀ wá sí ibi eyín. Á kọ́kọ́ pọ́n bí koríko gbígbẹ, á ṣú bí àwọ̀ obì. Níbi tó bá ti ṣú bí obì yẹn, ó ti tó digíríì 250 sí 260, ẹ gbé e kúrò kíákíá. Bó bá di búlúù, eyín ti rọ̀ jù.

Ti píìnì, ìṣó ni wọ́n sábà ń fi ṣe é, ìṣó sì máa ń tẹ̀. Píìnì ló ń gbé tọ́ọ̀nù yẹn. Ẹ lo bọ́ọ̀tù 10 mm tí wọ́n tẹ 8.8, àmì bó ṣe lágbára tó, sí lórí, kí apá rẹ̀ tó ń dán wà nínú ahọ́n àti nínú irin ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, kí ojú ìyí rẹ̀ má dé ibẹ̀ rárá. Irin ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan, 6 mm. Àlàfo tí ahọ́n wà, 10.5 mm, kó má jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn kan máa ń fi wọ́ṣà méjì mẹ́ta dí àlàfo tó fẹ̀. Ahọ́n kò ní mì mọ́ lóòótọ́, àmọ́ bí àlàfo bá ṣe fẹ̀ tó ni píìnì ṣe ń tẹ̀ tó, wọ́ṣà kò dá ìyẹn dúró.

Èèkù, 240 mm fún ọwọ́, ó tó. Mo mọ̀ pé wọ́n á fi páìpù gùn ún. Bí wọ́n bá sọ ọ́ di 600 mm, ìfà kan náà á di 150 Newton-mítà, píìnì tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kà á sí akọni yìí á sì fẹ́rẹ̀ẹ́ máa tẹ̀. Ẹni tó nílò èyí kó ra réǹṣì ńlá.

Bẹ́líìtì ẹ̀rọ pákí

Lẹ́yìn kẹ́ẹ̀gì yẹn, mo bẹ̀rẹ̀ sí í rí ọ̀rọ̀ yìí kiri. Ẹ wo ẹ̀rọ tó ń rin pákí ní abúlé èyíkéyìí ní àyíká Ògbómọ̀ṣọ́. Bí bẹ́líìtì bá ń yọ̀, wọ́n á fà á le sí i, wọ́n á tún fà á le, títí bíárìn á fi gbóná tí gírísì á fi ṣàn jáde. Bẹ́líìtì ń yọ̀ nítorí pé kò yí póólì kékeré, ìyẹn kẹ̀kẹ́ tí bẹ́líìtì ń gùn, ká tó. Bẹ́líìtì pẹlẹbẹ tó yí póólì ká ní digíríì 120, apá tó ń fà kò lè fi ju nǹkan bí ìlọ́po 1.9 le ju apá tó dẹ̀ lọ kó tó yọ̀. Bó bá yí i ká ní 180, á tó ìlọ́po 2.6, láìfi nǹkan kan kún fífà. Kí wọ́n sún ẹ́ńjìnnì sẹ́yìn díẹ̀, tàbí kí wọ́n fi póólì kékeré kan tẹ ibi tó dẹ̀ láti òde. Àmọ́ nọ́ọ̀tù tí wọ́n fi ń fa bẹ́líìtì le wà nítòsí ọwọ́, ojú ń rí i. Igun, ojú kì í rí i.

Kẹ́ẹ̀gì kejì

Bí réǹṣì tuntun yìí bá ti tò tán, ẹ so kẹ́ẹ̀gì mọ́ ọn lẹ́ẹ̀kan sí i, lórí páìpù gbígbẹ. Lẹ́yìn náà ẹ fi ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì pa páìpù, kí ẹ tún un ṣe. Bó bá yọ̀ nínú ọ́ìlì nìkan, eyín ni kò mú tó, igun rẹ̀ dára. Bó bá yọ̀ nínú méjèèjì, ẹ padà sórí páálí. Ẹ fi ọwọ́ dá èèkù sẹ́yìn ní ìgbà ogún láìyọ réǹṣì kúrò, kí ẹ wo páìpù: bí ẹ bá rí lúbulùbu irin tó ń dán lábẹ́ eyín, sípíríǹgì le jù, ẹ fi ìlọ́ márùn-ún kún un.

Má ṣe lò ó lórí páìpù oníke, á ya á. Má sì lò ó lórí nọ́ọ̀tù tí ẹ tún fẹ́ lò, eyín á jẹ igun rẹ̀ róbótó. Ó tún kù díẹ̀: ìhà kan ṣoṣo ni irú réǹṣì yìí ń fà sí, bí ẹ bá fẹ́ tú dípò kí ẹ de, ẹ ó yí i dojú délẹ̀ ni. Ẹ fi síséèlì fín ọfà kan sí ẹ̀gbẹ́ èèkù kó jìn dáadáa, nítorí ọ̀dà á ṣí. Ẹni tó bá gbé e lódì, tó fà á tó yọ̀, á kàn fi àtàǹpàkò ti ẹnu rẹ̀ sẹ́yìn, á jẹ́ kó ta padà, á sì gbé e lọ sí Táàkì.